Akínpẹ̀lú Adẹ́mu àti Ìpè Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe olóyè, kì í ṣe olówó, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde nínú ìwé ìròyìn rí. Akínpẹ̀lú lórúkọ rẹ̀, adẹ́mu ni, ará Ìkòyí-Ilé. Ọjọ́ kan péré ni mo fojú kàn án. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé, èmi ni mo ṣe é ní jàǹbá jù. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìwà mi mọ́lẹ̀.

Haneefah ni mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ní èdè Yorùbá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, wọ́n pe àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọjọ́rú dé ọjọ́ Jímọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí ìgbéga mi níbi iṣẹ́ ti há sọ́nà, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ìwé kan tó gbámúṣé ni ó kù kí n kà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo yan ìpè tí àwọn oníṣẹ́ ń pe ara wọn nínú oko. Ẹnìkan ló wá sọ fún mi pé, tí mo bá fẹ́ gbọ́ ìpè gidi, kí n lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àpérò ku ọ̀la, ni mo gun ọ̀kadà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí-Ilé, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àfonífojì ni Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ, òkè olókùúta ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, ọ̀pẹ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Oòrùn kì í tètè débẹ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ ń yọ̀, òórùn ẹmu sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ kàn dákẹ́ jù fún ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́.

Akínpẹ̀lú jókòó sí ẹnu abà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àfonífojì náà, ó ń pọ́n àdá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó gùn, ó sì gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi. Ó wo híjáàbù mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Àláájà, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹmu lẹ wá rà?”

“Rárá o, Bàbá. Ohùn yín ni mo wá gbọ́.”

“Háà! Ẹmu mi kì í ṣe fún àwọn mùsùlùmí, àwọn Onítẹ̀bọmi náà ní kì í ṣe fún àwọn. Ẹ wá wò ó, gbogbo wọn ló ń rà á.”

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi igbà lé e lọ́wọ́, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà. Nígbà kan wọ́n fẹ́ fi í ṣe díákónì, pásítọ̀ ní kó kọ́kọ́ fi ẹmu sílẹ̀. Ó ní ẹmu yìí ló ń rán àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ẹ̀kọ́. Ó wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá fún ọgbọ̀n ọdún, kò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Ẹnu kan péré ni ó ń tọ́ wò nínú ẹmu àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì tu ú dànù. Abigail ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ọkọ òun ni adẹ́mu kan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè wọn tí kò mọ bí ọtí ṣe ń pa èèyàn. Àwọn tó ń da omi àti ṣúgà sínú ẹmu ni ọ̀tá rẹ̀. Kì í bá wọn jà, kì í sáà dáhùn ìkíni wọn ni.

Àwọn mọ́kànlá ló ń dá ẹmu níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Àwọn kan kú, àwọn kan darúgbó, àwọn ọmọ wọn sì lọ gun ọ̀kadà ní ìlú. Méjì péré ló kù: òun àti Kareem, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Kareem ń kírun, Akínpẹ̀lú ń kọ orin ìyìn, wọn kì í sì í bá ara wọn fà á. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìpè.

Báyìí ni ìpè náà ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ gun ọ̀pẹ kì í gùn ún láìjẹ́ pé ẹnìkejì mọ̀. Á dúró ní ìdí ọ̀pẹ, á ké ní ohùn gígùn pé, “Akínpẹ̀lú gòkè o!” Ẹnìkejì, níbikíbi tó bá wà nínú àfonífojì, á dá a lóhùn pé, “Wàá sọ̀ ire o!” Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó dáhùn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ebi, ó gbọdọ̀ dúró títí ẹni tó gòkè yóò fi sọ̀kalẹ̀, tí yóò ké pé, “Ẹsẹ̀ balẹ̀ o!” Nígbà náà ni ẹni tó ń dúró á wá dáhùn pé, “Káàbọ̀ o!” Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́, ó lè máa lọ sílé. Tí ó bá pẹ́ tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ balẹ̀, eré ni á sá lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ojú gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń gé igbà rẹ̀, kò sì ní dá ẹmu mọ́ láéláé.

Mo ní kí Akínpẹ̀lú pe ìpè méjèèjì fún mi níbi tí a jókòó sí, kí n lè gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi. Ó kọ̀.

“A kì í pè é lásán, Àláájà. Ẹni tí kò gòkè kì í sọ̀.”

“Ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe, Bàbá. Kì í ṣe eré.”

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gòkè, kí ẹ gbà á bó ṣe yẹ.”

Ó gòkè ní tòótọ́, Kareem sì dá a lóhùn láti apá kejì. Mo dúró nísàlẹ̀, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń lọ àti nígbà tó sọ̀. Ohùn náà mọ́ gaara bí agogo, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ jó. Bí a ṣe ń padà sí abà ni mo rí i pé ibì kan lára igbà rẹ̀ ti ń ya wẹ́wẹ́. Mo bi í léèrè. Ó ní Sátidé ni òun máa wọ igbó lọ wá òmíràn, ó ní igbà náà ṣì lè gbé òun dé Sátidé.

Ètò àpérò náà ni pé kí àwọn àlejò ṣe ìrìn àjò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo lọ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkúnmi, alága wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí ohun tí mo rí kí n tó ka ìwé mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé aago mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì wa máa débẹ̀, aago méje sì ni àwọn adẹ́mu ń parí tiwọn. Mo pe Akínpẹ̀lú lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó fi ọ̀pẹ kan sílẹ̀ dè wá.

Ó ní, “Kareem á ti parí nígbà yẹn o. Á kàn máa dúró dè mí ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Nítorí tèmi.”

“Ó dáa. Nítorí tiyín.”

A dé ẹnu abà ní Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú bàtà tó ń dán àti fìlà àpérò. Bí a ṣe ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni ohùn Akínpẹ̀lú jáde láti ìsàlẹ̀ àfonífojì: “Akínpẹ̀lú gòkè o!” Kareem dá a lóhùn láti apá kejì. Àwọn àlejò mi pariwo ayọ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró, wọ́n á gbọ́ èyí tó kù tí ó bá sọ̀. A dúró. Ẹmu àná wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu abà, wọ́n bù ú mu. Ilẹ̀ ń yọ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ ba bàtà rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ó di ogún. Dírẹ́bà ń fọn fèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkúnmi wo aago.

“Dókítà Haneefah, ṣé ẹ ò ní in lórí fóònù ni? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, ká máa lọ.”

Mo ní in. Mo tún ní sípíkà kékeré kan nínú báàgì, èyí tí mo rà nítorí ìwé tí mo fẹ́ kà. Mo so fóònù mọ́ ọn, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, mo kọjú rẹ̀ sí àfonífojì kí ó lè dún dáadáa. “Ẹsẹ̀ balẹ̀ o!” Ohùn Akínpẹ̀lú gba gbogbo ibẹ̀ kan, àwọn òkúta gbé e padà.

Lójú ẹsẹ̀ ni Kareem dáhùn láti òdì kejì: “Káàbọ̀ o!”

Ẹ wá wo bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe pàtẹ́wọ́! Àtẹ́wọ́ náà pẹ́. Ẹnìkan ní, “Ẹ ò rí i, wọ́n dá a lóhùn!” Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nǹkan kan ta mí nínú àyà, kò sì ju ìyẹn lọ. Èmi tí mo kọ ojú ìwé méjìlélógún lórí ìpè yìí, èmi tí Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún pé a kì í pè é lásán, kò yé mi pé mo ti ní kí Kareem máa lọ sílé. A tún dúró díẹ̀, Akínpẹ̀lú kò yọ. Kí n má purọ́, inú bí mi sí i. Mo rò pé ó já mi kulẹ̀ níwájú àwọn ẹni ńlá. A wọ bọ́ọ̀sì, a lọ.

Ní aago méje alẹ́ ni Abigail pè mí. “Àǹtí olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọkọ mi lónìí?” Mo ní a gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó gòkè. Ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tó sọ̀?” Mo ní a ti lọ nígbà yẹn. Irọ́ náà yára jáde lẹ́nu mi, kódà mi ò tíì mọ ìdí tí mo fi ń pa á. Mi ò sùn lóru náà. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ ló tún pè mí, ó ń sunkún. Igbà já. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n ti rí i nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, ó ti ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Wọ́n ti gbé e wá sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ibi tí mo wà débẹ̀ kò ju ibùdó kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì lọ.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ìwé mi sí. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ti kà á tán, màá lọ. Mo kà á. Mo tún fi ohùn ọkùnrin náà dún nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì yìn mí débi tí ojú fi tì mí. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń pín nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Abigail wọlé pé Akínpẹ̀lú ti lọ. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

Mo padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n sin ín ní Sátidé, mi ò lọ. Ní ọjọ́ Àìkú ni Kareem pè mí.

“Olùkọ́, ẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní mo fi Bàbá sílẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́ ẹsẹ̀ balẹ̀, mo dáhùn, kí n tó lọ. Mo fi Kùránì búra. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní ó sú mi láti dúró ni. Ìyá mi gan-an ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?”

Mo ní, “Kareem, mi ò rántí dáadáa.”

Ó ní, “Kò burú, ma.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìka mi wà lára mi, mo fi ń jẹun, mo fi ń kọ lẹ́tà ìgbéga mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gbé fóònù tí mo tún gbé e sílẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé, tí mo bá jẹ́wọ́, ìgbéga mi lọ nìyẹn, orúkọ mi lọ nìyẹn, ta ni yóò sì tún pè mí sí àpérò? Mo ronú kan ara mi ṣáá, bí ẹni pé èmi ni mo ṣubú. Ìròyìn wá kàn mí pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gé igbà Kareem. Mi ò lè jẹ àwo oúnjẹ kan tán láti ìgbà náà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòyí-Ilé.

Iwájú ilé Akínpẹ̀lú ni wọ́n péjọ sí. Bàbá Nùrẹ́nì, àgbà adẹ́mu tí kò lè gun nǹkan kan mọ́, ló mú àdá lọ́wọ́. Kareem kúnlẹ̀, igbà rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ti fi ìtì igi kan sí abẹ́ igbà náà. Kareem ti rù. Abigail jókòó sórí àpótí pẹ̀lú aṣọ dúdú, kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n yà fún mi, wọ́n rò pé mo wá kí opó.

Bàbá Nùrẹ́nì bi Kareem pé, “O ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ?”

Kareem mi orí. “Rárá, sa. Mo ti gbà. Bóyá mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo yín kò lè máa sọ ohun kan náà kó jẹ́ èmi nìkan ni mo gbọ́n. Ẹ forí jì mí.”

Mo kúnlẹ̀ ti Kareem nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, “Ó gbọ́ ọ. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo pè é.” Mo sọ gbogbo rẹ̀: fóònù, sípíkà, bí mo ṣe kọjú rẹ̀ sí àfonífojì, bí a ṣe pàtẹ́wọ́, bí mo ṣe purọ́ fún Abigail, bí mo ṣe purọ́ fún Kareem. Mo sọ pé èmi ni mo bẹ Bàbá pé kó gòkè ní aago mẹ́wàá. Bàbá Nùrẹ́nì fi àdá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kareem dojú bolẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ń retí kí wọ́n lù mí, ì bá sàn fún mi. Abigail ló dìde. Ó wá dúró síwájú mi.

Ó ní, “Ẹ pàtẹ́wọ́?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lórí ilẹ̀ lásán. Ó ní, “Ó bá mi sọ̀rọ̀ ní ọsibítù kó tó lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé àìsàn ló ń mú un sọ ìsọkúsọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kò dákú nígbà tí òun ṣubú. Ó ní èémí òun kò tó ni, òun ń sinmi kí òun lè rí ohùn fi pe Kareem. Ó ní òun ti la ẹnu báyìí láti ké, ni òun gbọ́ ohùn ara òun lókè, tó ní ẹsẹ̀ òun balẹ̀. Òun gbọ́ tí Kareem kí òun káàbọ̀. Òun wá gbọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó ní, ‘Abigail, mo rò pé mo ti kú ni. Mo rò pé àwọn ará ọ̀run ló ń kí mi. Ni mo bá pa ẹnu mi dé, mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́.’”